Ọlọ́run Dá Ọmọ Mi Padà Láti Oman

Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà ọjà Rally Time níbí ní Làìbéríà tí ẹ pa ìsọ̀ tì wá bá mi dúpẹ́ lónìí, ẹ kú àdúrótì. Àbíkẹ́yìn mi ti dé. Inú ilé mi ló sùn mọ́jú.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un. Bó ṣe dé Oman ni wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣe ọmọọ̀dọ̀ láti ìdájí di ọ̀gànjọ́. Ó ní òun fẹ́ máa bọ̀ nílé, ọ̀gá rẹ̀ ní àfi kí á kọ́kọ́ san owó tí òun fún ejẹ́ǹtì padà. Ọwọ́ ọ̀gá ni àṣẹ ìgbélùú òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sá jáde, òun náà ni wọ́n á tún fẹ̀sùn kàn. Kódà, òfin iṣẹ́ tí Oman ṣe ní 2023 kò ka ọmọọ̀dọ̀ kún.

Mo ké títí ohùn mi fi há. Ọ́fíìsì kan ní kí n mú lẹ́tà wá, òmíràn ní kí n lọ ná. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja gbígbẹ, ẹ̀yin eléwé ọ̀dùnkún, ẹ kó owó èsúsú lé mi lọ́wọ́ nígbà tí kò tíì kàn mí, ẹ sì tẹ̀lé mi lọ sí àwọn ọ́fíìsì náà. A bá àwọn ìyá mìíràn níbẹ̀, fọ́tò ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí a pọ̀ ni wọ́n gbọ́.

Irú ariwo bẹ́ẹ̀ náà ló gba obìnrin Nàìjíríà tí ẹnì kan gbé sórí Facebook fún títà ní Lebanon ní 2020, ní ẹgbẹ̀rún dọ́là!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Làìbéríà. Láti 2021, ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ló kéré jù fún ẹni tó bá ṣòwò ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ejẹ́ǹtì kì í ṣílẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ọmọ mọ́. Kí ìjọba rí àdéhùn iṣẹ́ kí ọmọ tó wọ bàálù. Kí ẹni tiwa wà lọ́hùn-ún tí yóò gbé fóònù bí ó bá pè lóru. Ní 2021 kan náà, Philippines ṣòfin dá odindi iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Kí ló dé tí tiwa ò fi lè rí bẹ́ẹ̀?

Ọmọ mi ti kọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Pásítọ̀ fún àdúrà. Mò ń mú èkejì lọ sí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ máa bá mi lọ, aago mẹ́jọ, lẹ́nu ọ̀nà ọjà.