Ta Ni Owó Yunifásítì Ń Ṣe Láǹfààní?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a wà ní yunifásítì ìjọba bi ara wa: owó tí a yà sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ wa, ta ni ó ń ṣe láǹfààní?

Ní ọdún 1993 ni òfin pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá jèrè máa san 2 nínú 100 èrè náà fún ẹ̀kọ́. Òfin 2025 sọ ọ́ di owó ìdàgbàsókè, 4 nínú 100, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund láti ọdún 2026. Ìkẹjà, Ògbà àti Orégùn wà lára ibi tí owó yìí ti ń wá. Òun ni a fi ń kọ́ gbọ̀ngàn, tí a fi ń ra irinṣẹ́, tí a sì fi ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i.

Ará Agége lè wí pé: “Èmi ni mo ń fa èéfín, kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ń dé Sokoto?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn. Nígbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá oko kòkó ní Agége, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ alágbàṣe láti ìlú òkè kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Lára owó kòkó ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti yọ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí ó sì fi tẹ́ ilẹ̀ Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́. Agége kọ́ ará òkè. Owó ará òkè sì kọ́ Ìkẹjà. Ta ni yóò wá sọ pé tòun nìkan ni? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Síbẹ̀, ìtàn kan náà ni ó dá wa lẹ́jọ́. Alágbàṣe ìjọ́un gbé nǹkan délé. Kí ni àwa ń gbé délé? Bí a bá fi owó yìí ra irinṣẹ́ kẹ́místírì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi í yẹ omi kànga ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ wò, àǹfààní náà kò tíì kúrò lọ́gbà wa. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ bá yege ìdánwò, tí kò rí owó ilé-ìwé san, ta ni a kọ́ gbọ̀ngàn fún? Òótọ́ ni pé láti 2024 ni ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kì í ṣe ẹ̀bùn.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí á máa fi iye ilé tí a kọ́ wọn àǹfààní. Ohun tí ìmọ̀ wa bá ṣe fún ẹni tí kò ní wọ gbọ̀ngàn náà láéláé ni òṣùwọ̀n tòótọ́.