Ẹran Kò Gbọdọ̀ Mọ̀ Pé A Wá

Ní ọdún 1882, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Cassell ti Lọ́ńdọ̀nù lọ ṣọdẹ ẹyẹ ní Swaledale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé Thwaite, tí ó ń tiro nítorí pé ó ti ṣèṣe ní ìbàdí nígbà èwe níbi tó ti ń wá ìtẹ́ ẹyẹ kiri. Ọmọ náà a fi ẹnu dún bí ẹyẹ grouse, èyí tó fara jọ àparò wa, àwọn ẹyẹ náà a sì dá a lóhùn. Ẹnu ya ọ̀gá náà débi pé ó fún un níṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Richard Kearton ni orúkọ ọmọ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1892, àbúrò rẹ̀, Cherry, ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ kan tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1895, wọ́n ti gbé ìwé jáde lórí ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojúlówó fọ́tò tí wọ́n yà nínú igbó ló sì kún inú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tò. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú fọ́tò yẹn ni Richard ti mọ èdè ẹyẹ. Ìmọ̀ ló kọ́kọ́ wà nílé kí kámẹ́rà tó wá bá a. Àwa ti dorí rẹ̀ kodò báyìí. A ó kọ́kọ́ ra kámẹ́rà, a ó ra lẹ́ǹsì tó gùn bí apá, lẹ́yìn náà ni a ó wá wọ igbó lọ wá ohun tí a máa yà. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n fi ohun èlò olówó gọbọi yà, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ìdí ẹran tó ń sá lọ.

Yíyọ́ ẹkùn kì í ṣe ti ojo, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ẹran ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ yíyọ́ yìí, afẹ́fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àgbọ̀nrín lè má rí ọ, ó lè má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ ti jíṣẹ́ kí ìwọ tó dé. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń bu erùpẹ̀ gbígbẹ, tí ó ń dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn dorí kọ. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ọ lójú, ìyẹn ni kí o máa wá. Ìṣòro onífọ́tò ni pé ó tún nílò oòrùn, ìmọ́lẹ̀ tó dára sì lè wà ní apá kan kí afẹ́fẹ́ tó dára wà ní apá kejì. Nígbà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kó tẹ̀ lé. Ìmọ́lẹ̀ dáadáa lórí koríko tí ẹran ti sá kúrò kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ìdúró ni ó tẹ̀ lé e. Òkèèrè ni ẹran ti ń dá ènìyàn mọ̀ nípa bó ṣe dúró ṣánṣán. Nítorí náà, má yọ sórí òkè níbi tí ojú ọ̀run nìkan wà lẹ́yìn rẹ. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó bá sì di dandan, fi àyà fà. Bí ẹran bá tẹrí ba tó ń jẹko, sún. Bó bá gbé orí sókè, dúró gbagidi, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ kan ṣì wà lókè. Má tẹjú mọ́ ọn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó tẹjú mọ́ òun ń wá òun ni. Má lọ bá a tààrà. Gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń kọjá lọ sí ibòmíràn. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá kọjú sí ọ, tí ẹnu rẹ̀ sì dákẹ́ jíjẹ, o ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn. Fà sẹ́yìn. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ á ṣe bí ọ̀bọ, ìṣe ọ̀bọ kò sì ṣeé kọ́ lọ́jọ́ kan.

Nígbà mìíràn, jíjókòó dára ju yíyọ́ lọ. Àwọn Kearton fi awọ akọ màlúù ṣe màlúù oníhò, Richard a wọnú rẹ̀ tòun ti kámẹ́rà, a sì dúró sí pápá. Aṣọ àgọ́ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ti tó fún ibùba tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹyẹ wà gan-an la ti ń pa á lójijì. Òkèèrè la ń gbé e sí, a ó máa sún un mọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ púpọ̀, títí ẹyẹ yóò fi gbà pé ara igbó ni. Ọgbọ́n àtijọ́ kan tún wà: ènìyàn méjì a wọ ibùba, ọ̀kan a jáde, a sì lọ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ni yóò rò pé gbogbo wọn ti lọ. Ohun tó kù ni sùúrù, òun ló sì ṣòro jù. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.

A máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ ọdẹ parí nígbà tí ìbọn bá ti dún. Nígbà tí onífọ́tò bá ya fọ́tò tán, ìdajì iṣẹ́ ṣì kù, ìyẹn ni bí yóò ṣe lọ. Bó ṣe fàyà fà wá náà ni kó fàyà fà padà. Ìwọ̀n tí mo fi ń mọ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kò sí nínú fọ́tò rárá: lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀, ṣé ẹran náà ṣì ń jẹko? Fọ́tò ẹyẹ tí a lé kúrò lórí ẹyin lè mọ́ gaara, kí ẹyin náà tutù, tàbí kí oòrùn sè é, tàbí kí ẹyẹ mìíràn kó o jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1981 lórí ẹran ìgbẹ́ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti dá àwọn ẹyẹ kan láàmú nínú ìtẹ́ wọn láìgba ìwé àṣẹ. Òfin tó tọ́ ni.

Ìkánjú a máa bí ohun tó burú ju dídá ẹyẹ láàmú lọ, ìyẹn ni irọ́. Ní 2009, fọ́tò ìkookò tó ń fo géètì kọjá lóru gba ipò kìíní nínú ìdíje fọ́tò ẹran ìgbẹ́ tí Natural History Museum ti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe. Àwọn tó mọ ìkookò béèrè pé kí ló dé tí ìkookò inú igbó yóò fi fo géètì tí ó lè fún ara gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní 2010, àwọn adájọ́ pinnu pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkookò tí ènìyàn ń sìn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà padà. Ẹni tó yà á sẹ́. Ní 2018, wọ́n tún gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ onífọ́tò ará Brazil kan, wọ́n ní òkú ẹran tí wọ́n ki nǹkan sínú ló gbé síwájú òkìtì ikán. Òun náà sẹ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìmọ̀ ìṣe ẹran ló kọ́kọ́ gbé ìbéèrè dìde lórí fọ́tò ìkookò yẹn. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ní 2020, fọ́tò àwọn ìnàkí Cross River jáde láti òkè Mbe, níhìn-ín ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà láàárín wọn, inú ayé sì dùn, nítorí nǹkan bí 300 péré ló kù lágbàáyé. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ló dá fọ́tò náà yà. Àmọ́ ta ló mọ igi tí wọ́n máa so ó mọ́? Bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Kámẹ́rà tí kò sí lójú ọ̀nà ẹran lè wà níbẹ̀ lọ́dún gbáko, ewé nìkan ni yóò yà. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ igbó ló mọ ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, káàkiri ayé, ẹni tó tọ ipasẹ̀ ẹran kì í sábà ní orúkọ lábẹ́ fọ́tò. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí a kọ orúkọ wọn síbẹ̀, kí a sì san owó wọn pé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́, ẹ kò ní láti rìn jìnnà. Nínú igbó ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, ẹyẹ pupa òun dúdú kan wà, ìbátan ẹ̀ga, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ Ìbàdàn ló ń jẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ láti 1958. Òkè igi ló máa ń wà, kì í sì í dúró de aláriwo. Kí ẹ tó lọ bá a, ẹ lọ kí àwọn àgbà ọdẹ tó ti fi ìbọn kọ́ ògiri ní abúlé yín. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè nípa afẹ́fẹ́, nípa ìgbẹ́ ẹran àti ipasẹ̀, nípa wákàtí tí ẹran ń jáde. Wọ́n ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ọmọ tó fẹ́ jogún ìmọ̀ náà. Ẹ lọ lọ́dún yìí.