Ọwọ́ Kò Bá Ìlù Mu, Ẹnu Ń Dá Géèmù Lẹ́bi

Nínú gbogbo géèmù tí à ń gbá lórí ẹ̀rọ, kò sí èyí tó tètè ń tú ènìyàn fó bí èyí tó dá lórí ìlù. Ẹni tó pàdánù nínú géèmù bọ́ọ̀lù lè di ẹ̀bi ru rẹfirí. Ẹni tí wọ́n yìnbọn pa nínú géèmù ogun lè ní àwọn ọ̀tá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún tí ọwọ́ rẹ sì pẹ́, ta lo fẹ́ nàka sí? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tí àwọn agbágéèmù sọ nípa Rhythm Heaven Fever tó ohun tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n ìwà ọmọlúàbí. Géèmù ìlù apanilẹ́rìn-ín ni. Nintendo gbé e jáde fún ẹ̀rọ Wii ní Japan ní 2011, ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2012, ó sì dé Yúróòpù ní oṣù keje ọdún náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Àwọn kan yìn ín dé òkè, àwọn kan bú u bí ẹni bú olè. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ irú géèmù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, láìṣe ojúsàájú. Bí ó bá sì rí i pé géèmù ló jẹ̀bi lóòótọ́, kí ó sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi rí nǹkan tún ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èyí àkọ́kọ́ nínú ìdílé géèmù yìí, Rhythm Tengoku, jáde fún Game Boy Advance ní 2006, wọn kò sì tà á níbòmíràn yàtọ̀ sí Japan. Èyí tó tẹ̀lé e jáde fún Nintendo DS ní 2008, òun ló kọ́kọ́ sọdá òkun ní ọdún kejì. Fever ni ìkẹta. Tsunku, olórin ẹgbẹ́ Sharam Q tó tún dá ẹgbẹ́ akọrinbìnrin Morning Musume sílẹ̀, ló gbé èrò náà tọ Nintendo lọ. Ko Takeuchi tó ti yàwòrán fún géèmù WarioWare sì wà lára àwọn tó fún un ní ojú tó ní. Eré kéékèèké tó lé ní 50 ló wà nínú Fever. Ọ̀bọ ń ju bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sí ọ, ìwọ ń gbá a lọ. Oníjàkadì kan ń dá akọ̀ròyìn lóhùn, ó sì ń fún iṣan pọ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó ti olólùfẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń fò bọ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ta á nípàá kó má baà da àwọn ẹranko kékeré méjì tí àwọn náà ń ṣe ìfẹ́ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rú. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ojú wọn le bí ojú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń pa ẹni tó ń wò wọ́n. Bọ́tìnnì A nìkan ni ọwọ́ ń tẹ̀, tàbí A àti B pa pọ̀, kò sí fífi ọwọ́ ju páàdì kiri bí àwọn géèmù Wii yòókù. Ẹ̀fẹ̀ náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, àárín eré ni àwòrán yóò sún jìnnà tàbí kí nǹkan bò ó lójú, kí ojú má lè ran ọwọ́ lọ́wọ́ mọ́. Etí ló kù. Ẹni tó ń fi ojú gbá a yóò ṣubú níbẹ̀, inú yóò sì bí i.

Inú tó bí i yìí ni orísun ọ̀pọ̀ ìráhùn tí wọ́n ń pè ní àríwísí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé géèmù kò gbọ́ ohun tí ọwọ́ wí: mo tẹ̀ ẹ́ lákòókò, ó ní n kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀sùn yìí lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́, ohun tó sì ya ọmọlúàbí sọ́tọ̀ ni pé yóò wádìí kó tó sọ ọ́ síta. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní kì í gbé àwòrán jáde bó ṣe gbà á. Á kọ́kọ́ tún un ṣe, á dán an, á nà án, kó tó fi hàn wá. Ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá ni ìdádúró yẹn, ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nínú géèmù tó ń fi irú ìdá bẹ́ẹ̀ dájọ́, ó tó láti sọ ẹni tó mọ ìlù di aláìmọ̀. Abájọ tí àwọn géèmù bíi Rock Band fi ní ibi tí ènìyàn ti lè bá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣe àdéhùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pàápàá sì ní ètò kan tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù. Kò sì ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Bí ọwọ́ bá ń pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, tẹlifíṣọ̀n ni kí á fura sí. Bó bá yá jù nísinsìnyí, tó tún pẹ́ jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ni. Ẹni tí kò ṣe ìwádìí kékeré yìí, tó kàn kéde pé àwọn tó ṣe géèmù jẹ́ aláìmọṣẹ́, ti di àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, a sì mọ orúkọ tí àwọn àgbà fún irú adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá jọ mí lójú ni pé géèmù náà mọ ẹjọ́ dá ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Bí eré kékeré kan bá parí, kì í kàn ju máàkì sí ọ lójú kó máa lọ. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni yóò kọ síbẹ̀, lẹ́nu ẹni tó wà nínú eré náà, tí yóò tọ́ka sí apá tí ọwọ́ rẹ ti yẹ̀. Bó bá burú, ohun tí yóò wí kò ju pé kí o tún un gbìyànjú. Bó bá ṣe díẹ̀ kù díẹ̀, yóò gbà pé o gbìyànjú, yóò sì sọ ohun tó kù. Bí o bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí eré kan ṣoṣo, ẹni tó ni ilé kọfí inú géèmù yóò pè ọ́, yóò bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni bá àlejò sọ̀rọ̀, yóò sì fún ọ láyè láti fo eré náà kọjá. Kò purọ́ fún ọ pé o mọ̀ ọ́n gbá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Òtítọ́ àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ jókòó pọ̀ níbẹ̀ láìjà. Ó yẹ kó ti ẹni tó gba irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lójú bó bá wá fi èébú san án padà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá àwọn oníráhùn wí yìí, mo rò pé ìwà àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ló burú jù. Bí ẹnì kan bá ti ní òun kò lè gbá a, kíá ni wọ́n á ti sọ fún un pé kò ní etí orin, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì òsì ni, kó lọ wá géèmù ọmọdé. Wọn kì í béèrè irú tẹlifíṣọ̀n tó ń lò, wọn kì í béèrè bóyá etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn tó, tàbí bóyá àìsàn ń bá ìka rẹ̀ jà. Géèmù tó ń mú àwòrán kúrò lójú, tó ní kí etí dá ṣe iṣẹ́, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ adití, òótọ́ tó sì yẹ kí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà ni. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe tó wá ń fi ìmọ̀ náà na ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò yàtọ̀ sí onílù tó dẹ́kun lílù láàárín agbo kó lè fi oníjó ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyìn tí irú wọn ń fún Fever kò ṣe é lóore, ńṣe ni ó ń lé àlejò sá.

Àwọn kan yóò ní owó wọn ni wọ́n san, Nintendo kì í ṣe bàbá wọn, ilé iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ìkúnlẹ̀ kankan tí oníbàárà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo gbà. Ọmọlúàbí kì í ṣe ẹrú olówó, ẹni tó sì rí àléébù tó dákẹ́ nítorí kó má baà dà bí aláfojúdi kò ṣe rere fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ, ó lè dún kíkan. Àmọ́ owó tí mo san fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí òótọ́ nìkan ni. Kò fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìtìjú ara mi purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn yóò ní ohùn líle nìkan ni ilé iṣẹ́ ńlá ń gbọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Nintendo DS. Nínú èyí tó jáde fún un, a ní láti fi ọ̀pá kékeré ta ojú ẹ̀rọ kíá kó tó kà á, ọ̀pọ̀ sì ráhùn pé nígbà mìíràn kì í kà á. Nínú Fever, títa ti lọ, bọ́tìnnì ló gba ipò rẹ̀. Yálà ìráhùn ló fà á tàbí irú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún, ọ̀rọ̀ tó wúlò fún oníṣẹ́ nínú gbogbo ariwo yẹn ni èyí tó sọ pé títa ni kò ṣe déédéé. Kí ni èyí tó ní géèmù náà jẹ́ pàǹtírí fẹ́ kí oníṣẹ́ lọ tún ṣe?

Rhythm Heaven Megamix, tó tẹ̀lé Fever nínú ìdílé náà, tó sì jáde fún ẹ̀rọ 3DS ní 2015, fi hàn pé ìráhùn lè jẹ́ ti ọmọlúàbí. Eré inú rẹ̀ lé ní 100, ṣùgbọ́n bí 70 nínú wọn ló ti wá láti inú àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ àwọn eré àtijọ́ náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹni tó ti mọ̀ wọ́n sì ní láti la gbogbo rẹ̀ kọjá kó tó kan èyí tó ní ata. Àwọn tó ráhùn lórí èyí sọ ibi tó ń dùn wọ́n, wọ́n sọ ìdí, púpọ̀ nínú wọn sì tún gbà pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jàǹfààní ìrọ̀rùn yẹn. Bó ṣe yẹ kí á ráhùn nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà kan náà ni Tsunku, ẹni tó gbé èrò géèmù yìí wá, sọ fún ayé, ní Yunifásítì Kinki, pé wọ́n ti yọ okùn ohùn òun nítorí àrùn jẹjẹrẹ. N kò mú un wá kí ojú àánú lè pa àríwísí lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tí kò bá dára kò dára, àìsàn oníṣẹ́ kò tún un ṣe. Mo mú un wá kí á rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara wà lẹ́yìn orúkọ ilé iṣẹ́ tí à ń sọ òkò sí.

Ní oṣù kẹta 2025, Nintendo kéde Rhythm Heaven Groove fún ẹ̀rọ Switch, wọ́n ní 2026 ni yóò jáde. Kò sí tuntun kankan nínú ìdílé náà láàárín Megamix àti ìkéde yẹn, kò sì sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi bó bá ní ìdúró náà ti pẹ́ jù. Ohun tí mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ óò gbá a ni pé kí ẹ wo ètò tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbá a dé ìparí kí ẹ tó dájọ́, bí àléébù kan bá sì wà nínú rẹ̀, ẹ dárúkọ eré tó wà níbẹ̀ gan-an.