Oúnjẹ, Nǹkan Oṣù àti Ìbéèrè tí Ojú ń Tì Wá Láti Bèèrè

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ojú bá ń tì, kí ó rántí Fátímá ọmọ Abú Hubaysh. Ẹ̀jẹ̀ kì í dá lára obìnrin yìí, ó sì lọ bá Ànábì fúnra rẹ̀ láti bèèrè bóyá kí òun fi ìrun sílẹ̀. Ànábì kò lé e, kò sì bá a wí. Ó là á yé e pé ẹ̀jẹ̀ iṣan ni, kì í ṣe nǹkan oṣù. Kí ó fi ìrun sílẹ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń wá, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó sì máa kírun rẹ̀ lọ. Ìyá wa Áíṣà náà yin àwọn obìnrin Ansáárì, nítorí pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀sìn wọn.

Mo ní ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ilé-kéwú dúró dè mí lẹ́yìn tí a parí iṣẹ́. Ó ní nǹkan oṣù òun kì í wá déédéé: ó lè pa oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ, bí ó bá sì dé, ó lè lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó dá. Kí ni kí òun ṣe sí ìrun? Mo ṣí ìwé fíkíhì, mo dá a lóhùn bí ó ti yẹ, mo tilẹ̀ bá a ṣírò ọjọ́ sórí ìwé. Inú mi dùn sí ara mi. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú gbogbo àlàyé mi tí mo ti wí pé, "Àbúrò mi, lọ rí dókítà." Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ó tó débẹ̀, nígbà tí ó ti wọlé ọkọ, tí àwọn àna sì ti ń fi ojú wọn ikùn rẹ̀. Fátíwà mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni.

Ohun tí dókítà bá lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní PCOS. Kì í ṣe àìsàn àná. Ní 1935 ni àwọn dókítà méjì ní ìlú Chicago, Stein àti Leventhal, ti kọ ìwé nípa rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bíi obìnrin 10 sí 13 nínú 100 tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó ní in, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Ẹ wo iye arábìnrin tí ń jókòó nínú àsàlátù yín lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Oúnjẹ tí a jẹ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni ara fi ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yìí kí ó lè wọ inú ẹran ara. Ní ara púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní PCOS, ilẹ̀kùn náà kì í tètè ṣí, ara á wá máa tú ínsúlínì jáde sí i, sí i. Àpọ̀jù ínsúlínì ni yóò máa ti ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé, tí yóò fi máa pèsè họ́mọ̀nù irú ti ọkùnrin ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹyin kò ní gbó, kò ní jáde lásìkò. Ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ti ń dàrú, tí irun ń hù ní àgbọ̀n àti àyà, tí irorẹ́ kò sì lọ lójú. Àwọn kókó kéékèèké tí wọ́n ń rí nínú àwòrán inú, ẹyin tí kò gbó ni wọ́n, wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Irùngbọ̀n obìnrin yìí, àwọn kan ní àmì ọrọ̀ ni, àwọn kan ń pè é ní ohun mìíràn tí n kò ní kọ síhìn-ín. Hìjáàbù bò ó mọ́lẹ̀, arábìnrin náà sì ń fá a ní ìkọ̀kọ̀ láràárọ̀. Ó tún ku èyí tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín tí ó sì ń dùn mí: àwọn ọmọbìnrin kan a máa yangàn nínú oṣù Ràmàdáànì pé àwọn gba gbogbo ààwẹ̀ pé, àwọn kò jẹ gbèsè ọjọ́ kan. Arábìnrin, bí kì í bá ṣe oyún tàbí ọmọ ọmú, tí nǹkan oṣù kò wá fún oṣù mẹ́ta, má ṣe yangàn. Ara inú ilé-ọmọ ń nípọn láìrí ọ̀nà jáde, bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ ilé-ọmọ lọ́jọ́ iwájú. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà ń ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, oúnjẹ. Nínú Súrátùl Aʻráàf, áyà 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, Ó sì kọ àṣejù. Nínú hadíìsì tí Miqdáàm gbà wá, Ànábì pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́ta: oúnjẹ, omi, àti àyè èémí. A máa ń ka hadíìsì yìí lẹ́nu, a ó sì dìde lọ sídìí ẹ̀bà tí ó tó orí ọmọdé, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣíbí kan àti ẹran tí a fi ń ṣe ẹ̀rí.

Ẹ yí i padà. Kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú tàbí ilá gba ìdajì àwo. Kí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìdá mẹ́rin tí ó kù. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín dára púpọ̀ nítorí wọn kì í sáré di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ pé gàrí ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ dín in kù, ẹ yọ ṣúgà kúrò, ẹ fi ẹ̀pà sí i. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìndòdò ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ìgò kan tí ó jẹ́ 50cl lè ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 50, èyí tí ó ju kúùbù ṣúgà mẹ́wàá lọ. Ta ni yóò ka kúùbù mẹ́wàá sínú ife omi kan tí yóò sì gbé e mu?

Kò sí oúnjẹ ìyanu kan. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ìmọ̀ wọn pọ̀ ní 2023, wọn kò sì rí irú oúnjẹ kan tí ó ta àwọn yòókù yọ fún àìsàn yìí. Èyí tí ènìyàn lè máa bá lọ ni ó dára. Fún ẹni tí ó sanra, bí ó bá dín ìdá 5 sí 10 nínú 100 kù, nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ẹni tí ó wọn kílò 80, kílò 4 sí 8 nìyẹn, kì í ṣe pé kí ó gbẹ bí igi. Ẹ má sì fi ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ẹlẹ́yà pé kò lè ní in. Ó ń mú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mú sísanra. Kí ẹ tún fi ẹsẹ̀ rìn, bí ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ní ti ìṣínu, dàbínù díẹ̀ ni Ànábì fi ń ṣínu, kì í ṣe odidi páálí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè nípa habbatu saudáà, mo mọ hadíìsì rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí arábìnrin kan tí ó fi ẹlẹ́rìndòdò tútù gbé e mì. Ẹ má sì jẹ́ kí hántú tàbí àgbo dípò dókítà. Bí dókítà bá kọ oògùn fún yín, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ẹ tún ṣe. Ẹni tí ó ń lo oògùn ṣúgà, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó gbààwẹ̀. Ànábì pàṣẹ pé kí á wá ìtọ́jú, Usáámà ọmọ Sharíìk ni ó gbà á wá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé ẹ ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí. PCOS kì í ṣe àgàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní in ni ó ń bímọ, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oògùn. Nínú Súrátù Ṣúúrà, áyà 49 sí 50, Ọlọ́hun sọ pé ọwọ́ Òun ni ọmọkùnrin, ọmọbìnrin àti àìbí wà, kò fi lé ọwọ́ ìyàwó rẹ. Kí o tó gbọ́ ti ìyá rẹ nípa ìyàwó kejì, ìwọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní kí ìyàwó rẹ yí oúnjẹ padà, má ṣe ní kí ó máa se ìkòkò méjì. Jẹ ohun tí ó ń jẹ.

Ọkọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo sọ níṣàájú ṣe bẹ́ẹ̀. Oyún kò tíì dé, a ń ṣàdúà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tí ó kọjá, ó wá kí èmi àti ìyàwó mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Alfa, mo jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà." N kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí gbèsè tó bẹ́ẹ̀ rí.