ṢÉ KÁ RAN ÒRÒMỌDÌYẸ LỌ́WỌ́ LÁTI JÁDE NÍNÚ ẸYIN?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kéré lójú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ tó ń sàba, èyí tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀. Àwọn mìíràn kan àpótí pákó, wọ́n fi gílóòbù iná sí i. Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí yóò bá pàdé lọ́jọ́ kan. Bí òròmọdìyẹ bá ti dá èèpo lu, tó ń ké nínú ẹyin, tí kò sì tètè jáde, ṣé ká bá a bó èèpo náà ni, àbí ká máa wò ó?

Àwọn kan á ní, kí ni ọwọ́ wà fún bí kò bá ran aláìlágbára lọ́wọ́? Àwọn mìíràn á ní èyí tí kò bá lè jáde fúnra rẹ̀, kó kú síbẹ̀, aláìlera ni. Lójú tèmi, kò sí èyí tó pé nínú ìdáhùn méjèèjì. Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ń lọ nínú ẹyin ná.

Iṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń di ọmọ. Fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, a ó máa yí ẹyin padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ooru inú ẹ̀rọ tó ní fáànù gbọ́dọ̀ dúró sí nǹkan bí 37.5°C. Lẹ́yìn ọjọ́ kejìdínlógún, a kò yí i mọ́. A ó fi kún omi inú ẹ̀rọ kí ọ̀rinrin lè wà níbẹ̀ dáadáa, a ó sì pa ìdérí rẹ̀ dé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ náà kò tíì fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Awọ fẹ́lẹ́ kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló tẹ́ sí abẹ́ èèpo, òun ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo. Nígbà tó bá di nǹkan bí ọjọ́ ogún, ọmọ náà á fi ẹnu gún ibi tí afẹ́fẹ́ kó jọ sí ní ìdí ẹyin tó gbòòrò, á sì mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn lẹ ó máa gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ẹyin tí kò tíì sán. Lẹ́yìn èyí, á fi ohun líle ṣóńṣó kan tó wà lórí àgógó rẹ̀ dá èèpo lu. Bó bá jáde tán, ohun náà á já bọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Níbí ni ọkàn olówó ẹyin ti máa ń dàrú. Lẹ́yìn tí ihò bá ti lu, òròmọdìyẹ lè dákẹ́ fún wákàtí 12, tàbí títí dé 24. Ẹni tó ń wò ó á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, àbí ó ti ń kú lọ. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ inú awọ abẹ́ èèpo ló ń fà padà sínú ara, bẹ́ẹ̀ ni pupa ẹyin tó ṣẹ́kù ń gba ojú ìdodo wọ inú rẹ̀. Pupa ẹyin yìí ni oúnjẹ rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n lè kó òròmọdìyẹ ọjọ́ kan sínú páálí láti ìlú kan dé òmíràn láìjẹ láìmu. Bí ẹnìkan bá bó èèpo ní àkókò yìí, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ló ń fà ya. Ọmọ náà lè ṣẹ̀jẹ̀ kú mọ́ ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá tilẹ̀ kú, ó lè jáde pẹ̀lú ìdodo tí kò tíì pa dé.

Ta Là Ń Ràn Lọ́wọ́?

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara tiwa tí kò balẹ̀ la fẹ́ tù, a kàn ń pè é ní ìyà òròmọdìyẹ. Ó ṣòro fún wa láti máa wo ẹni tó ń làkàkà ká má ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ ń yún wa. A wá sọ ìkánjú wa ní àánú. Ẹni tó láàánú ní tòótọ́ a máa bi ara rẹ̀ pé: "Kí ni ẹ̀dá yìí nílò lásìkò yìí?"

Ẹ wo àgbébọ̀. Kì í sábà bá ọmọ bó èèpo. Ó jókòó lé wọn, ó ń fún wọn ní ooru, ó ń ké sí wọn, àwọn náà ń dá a lóhùn láti inú ẹyin. Kò kúrò níbẹ̀, kò sì fa ẹnikẹ́ni jáde.

Àwa ńkọ́? Òbí tó ń wá ẹni tí yóò bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò, èèpo ló ń bó. Ọmọ á gba ìwé ẹ̀rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbà á dúró níbi iṣẹ́. Àwọn àgbà ní títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán ní í di oge.

Sùúrù Náà Ní Òpin

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní ká káwọ́ gbera. Àwọn tó ní "kó kú síbẹ̀" gbàgbé ohun kan: àwa la gba ẹyin lábẹ́ ìyá rẹ̀, àwa la gbé e sínú àpótí. Bí iná bá lọ tí ooru já wálẹ̀, bí omi bá gbẹ nínú ẹ̀rọ, bí a bá ń ṣí ìdérí ṣáá láti yọjú wò, ọ̀rinrin á sá jáde, awọ inú ẹyin á gbẹ, á fún mọ́ ọmọ náà lára bí aṣọ tó ti súnkì. Èyí tó lágbára pàápàá kò lè yí padà nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi ta ni? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn kò lè dúró síta kó máa wàásù ìfaradà fún un.

Bí wákàtí 24 bá ti kọjá lẹ́yìn tí èèpo ti lu, tí iṣẹ́ kò tẹ̀ síwájú, tí awọ náà sì ti gbẹ bí ìwé, ìrànlọ́wọ́ tọ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́. Ẹ rẹ òwú sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ra awọ náà kó rọ̀, ẹ má jẹ́ kí omi wọ ihò imú rẹ̀. Ẹ máa ṣí èèpo díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ẹyin tó gbòòrò. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dá a padà sínú ooru, ẹ tún fún un ní wákàtí mélòó kan. Bí orí àti ọrùn bá ti ráàyè, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ìyókù. Ohun tí òun lè ṣe, ẹ má gbà á ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wúwo jù kún un. Gbogbo wa la mọ ilé ìgbẹ̀bí. Agbẹ̀bí tó mòye kì í fa ọmọ jáde kí àkókò tó tó. Ṣùgbọ́n bí ìrọbí bá ti pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, tàbí tí aboyún ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, kí àdúrà máa bá a lọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó fi orúkọ Ọlọ́run bo ìlọ́ra mọ́lẹ̀ kò sàn ju ẹni tó fi orúkọ àánú bo ìkánjú.

Ní òpin gbogbo rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó dára jù ti wáyé kí ọjọ́ 21 tó pé. Ẹni tó ń bomi sí ẹ̀rọ, tó ń yí ẹyin, tó ń jí lóru wo ooru, ó ti ran òròmọdìyẹ lọ́wọ́ láìfọwọ́ kan èèpo. Kí Olúwa fún wa ní ojú tí yóò mọ ìgbà tó yẹ ká dúró, àti ọwọ́ tí kò ní lọ́ra nígbà tó bá yẹ ká nà án.