Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Èèyàn Yí Padà Lójú Ọ̀nà?

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti tún ń palẹ̀ mọ́ láti gun Òkè Shere ní ìsinmi tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìmọ̀ràn díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn, torí pé èmi ni mo ṣáájú wọn lọ ní èṣí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀rọ̀ bàtà àti omi nìkan kí n wá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti èṣí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìmúrasílẹ̀. Ìlà-oòrùn ìlú Jos wa yìí ni Òkè Shere wà. Òkúta ńláńlá ló kún ibẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,800. Jos fúnra rẹ̀ ti wà lókè ní bíi mítà 1,200, nítorí náà èèyàn lè gùn ún kó sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ọmọdé rárá.

Nínú Lúùkù orí kẹrìnlá, Jésù béèrè bóyá ẹnì kan wà tó máa fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò ní kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tó máa ná an. Òkè gígùn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ará Scotland kan, William Naismith, fi ọ̀kan lélẹ̀ ní ọdún 1892 tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò títí dòní: ẹ ka wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ tún fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn sókè. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 10, tí gígùn rẹ̀ sókè sì jẹ́ mítà 600, wákàtí 3 nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò dúró sinmi rárá, ni ìṣirò yìí wà fún o. Ẹni tí kò gun òkè rí ńkọ́? Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ńkọ́? Ẹ fi kún un dáadáa.

Kí olúkúlùkù gbé omi tó tó lítà 3. Ẹ wọ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ mú súwẹ́tà nítorí òtútù àárọ̀, ẹ mú fìlà nítorí oòrùn ọ̀sán, kí kálukú sì ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́wọ́, kódà bí ẹ bá rò pé ojúmọmọ lẹ máa padà dé. Ẹ bi àwọn ará abúlé àti àwọn agbófinró bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó lọ. Ẹ sọ fún ará ilé yín aago tí ẹ máa dé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni aago ìpadà. Lásìkò ọyẹ́, kò pẹ́ lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí ẹ máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ wà nísàlẹ̀ ní aago 5, tí ìsọ̀kalẹ̀ àti ìsinmi yóò sì gba wákàtí 4, aago 1 ọ̀sán lẹ gbọ́dọ̀ yí padà, ibi yòówù kí ẹ dé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní èṣí, àwa 14 la lọ. A fẹnu kò sí aago 1, a sì gbàdúrà lé e lórí. Nígbà tó di aago 1, a kò tíì dé òkè, ṣùgbọ́n a ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá kan nínú wa tí orúnkún ti ń dùn sọ fún mi pé, "Bàbá Ṣọlá, aago kan mà ti lù." Mo ní, "Màmá, ẹ ní ìgbàgbọ́. Díẹ̀ ló kù." Mo fi wọ́n sábẹ́ òjìji òkúta kan pẹ̀lú ọmọbìnrin kan àti omi díẹ̀, àwa yòókù sì lọ. Díẹ̀ tí mo sọ di wákàtí kan àtààbọ̀. A dé ṣóńṣó, a kọrin, a ya fọ́tò. Nígbà tí a fi padà dé ọ̀dọ̀ wọn, omi wọn ti tán. Òkùnkùn ká wa mọ́ orí òkúta, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta péré ló wà láàárín àwa mẹ́rìnlá. Ẹ̀yìn ni àwọn ọmọkùnrin fi pọn màmá dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n pè wá síwájú ká wá jẹ́rìí. Mo sọ bí Ọlọ́run ṣe kó gbogbo wa délé láyọ̀. Ìjọ hó yèè. Ojú èmi àti màmá ṣe mẹ́rin níbi tí wọ́n jókòó sí, mo sì gbójú kúrò.

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni ẹ̀rí yẹn. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ṣùgbọ́n mo fi ìdúpẹ́ bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀. Ẹ wo awakọ̀ tó ń ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ níbi kọ́nà, tí kò rí iwájú, tó sì gbé èrò dé láyọ̀. Ṣé ìdúpẹ́ àwọn èrò sọ ìwàkuwà rẹ̀ di ìwà rere? Àánú Ọlọ́run kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé ohun tí a ṣe dára.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, Rob Hall, ògbóǹtarìgì agòkè láti New Zealand, kó àwọn èèyàn lọ sórí Òkè Everest. Wọ́n ti mọ̀ pé ó pẹ́ jù, aago 2 ọ̀sán ló yẹ kí ẹnikẹ́ni yí padà. Aago 2 kọjá, àwọn kan ṣì ń gòkè. Aago 4 ti lù kí èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí Hall ń tọ́ sọ́nà tó dé ṣóńṣó. Ìjì dé. Èèyàn 8 ló kú lórí òkè náà, Hall pẹ̀lú ẹni tó gbẹ̀yìn yẹn wà lára wọn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. "Díẹ̀ ló kù" tí èmi náà sọ ló mú wọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: "A kì í padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá dọ́wọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ kì í wẹ̀yìn." Àmín. Ṣùgbọ́n kí ni a dọ́wọ́ lé? Ṣé òkúta tó wà lókè ni, àbí àwọn èèyàn tí a mú kúrò nílé wọn? Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilé ni òpin ìrìn-àjò. Ẹni tó bá yí padà ní aago 1 nítorí orúnkún màmá, iwájú ló ń lọ.

Ẹ rántí Jékọ́bù ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ísọ̀ fẹ́ kí àwọn jọ máa lọ. Jékọ́bù ní kí ó máa lọ níwájú, torí pé àwọn ọmọ òun ṣì kéré, àwọn ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dà wọ́n ní ìdàkúdà lọ́jọ́ kan péré, wọn yóò kú. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ṣe lè rìn sí ni òun yóò máa bọ̀. Ẹni tí ó bá Ọlọ́run jìjàkadì mọ́jú kò tijú láti rìn bí ọmọdé.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lọ bẹ màmá. Wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n ní, "Òùngbẹ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo rán ọ létí àdéhùn wa, o sì sọ ọ́ di àìnígbàgbọ́." N kò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ. Òkè náà dára, ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi aago ìpadà sí ọwọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù láàárín yín. Tí ó bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi orúkọ Jésù pa á lẹ́nu mọ́.