Erékùṣù Èkó àti Pádírì Antonio



Omi ló yí Erékùṣù Èkó ká, òkun kò sì jìnnà sí i. Ìtàn àwọn baba sọ pé oko ata Àrómirẹ, ọmọ Olófin, ni ilẹ̀ tí ààfin ọba, Ìgà Ìdúńgànrán, wà. Ní 1851 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ìlú náà. Ní 1861 wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú.

Ṣùgbọ́n ará Èkó kan ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ó ti ṣe ẹrú rí ní Bràsíìlì kí ó tó padà wálé ní òmìnira. Pádírì Antonio ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlùfáà rárá. Òun ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà, tí ó sì ń batísí àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí Fada Borghero ti Ouidah dé ibẹ̀ ní 1863, ó bá ìjọ tí ń gbàdúrà.

Nínú àwọn ìjọ wa tí ó wà ní oko, láàrin Ìlaròó àti Ayétòrò, mo gbọ́ pé títì ni ilẹ̀kùn ilé ìsìn ń wà bí Fada kò bá wá. Òtítọ́ ni, ọ̀nà wa kò ṣeé rìn lójò. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn náà ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀?